Ìwọ̀fà Tó Ń Pọn Ọmọ Ìjàpá Lọ Sílé Ìwé

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀, ó yà sílé Ìjàpá, ọkọ Yánníbo. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá rí ìjàpá, ẹ wo orí rẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ ni ẹ̀rí àlọ́ yìí wà.

Ọkọ Ọ̀kẹ́rẹ́ kú, gbèsè ìsìnkú sì wọ opó náà lọ́rùn. Ìjàpá ló yá a lówó, ni Ọ̀kẹ́rẹ́ bá fi Àyìnkẹ́ ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà fún un. Òfin ìlú ni pé àárọ̀ nìkan ni ìwọ̀fà ń ṣiṣẹ́ olówó. Bí olówó bá fi ìwọ̀fà ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án pẹ́nrẹ́n, gbèsè náà parẹ́ nìyẹn.

Ọ̀sán ni ilé ìwé àwọn ẹranko ń wọlé. Inú Àyìnkẹ́ dùn: á roko láàárọ̀, á kàwé lọ́sàn-án. Ìwé wù ú ju oúnjẹ lọ!

Ìjàpá ní, "Ọmọ mi kò lè fẹsẹ̀ rìn. Ìwọ ni kí o máa pọ̀n ọ́n lọ sílé ìwé, kí o dúró síta dè é."

Yánníbo ní, "Baálé mi, ẹ rántí òfin o."

"Ṣé ìyẹn náà niṣẹ́? Eré ni!"

Ẹ ò rí ọ̀kánjúwà! Àyìnkẹ́ sunkún títí. Ṣùgbọ́n ojú fèrèsé ló ń dúró sí. Ọmọ Ìjàpá ń hanrun nínú ilé ìwé, Àyìnkẹ́ ń gbọ́ ẹ̀kọ́ níta. Láàárọ̀, á fi ẹnu ọkọ́ kọ ọ́ sára ebè.

Ó ṣe, Kìnnìún ọba wá dán àwọn ọmọ wò lójú àwọn òbí wọn. Ẹni tó bá ka ohun tó wà lára ògiri, ọba á rán an lọ sílé ìwé gíga. Ọmọ Ìjàpá yán, kò rí nǹkan kan kà, ó tún sùn lọ. Ni ohùn kan bá dún lójú fèrèsé: "Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà."

Ariwo ta! Ọba ní, "Akẹ́kọ̀ọ́ wo nìyí?"

Ìjàpá fò dìde. "Akẹ́kọ̀ọ́ kẹ̀! Kábíyèsí, ìwọ̀fà mi ni. Iṣẹ́ mi ló ń ṣe níbí lójoojúmọ́!"

"Lọ́sàn-án?"

"Lọ́sàn-án ni, Kábí... Yéè! Mo gbé!"

Ẹ̀rín sọ. Ọba ní, "Gbèsè ti parẹ́. Àyìnkẹ́, ó di ilé ìwé gíga." Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, àgbà ọmọ, ó ń jó kiri. Ariwo yẹn ló jí ọmọ Ìjàpá. Ó ní, "Bàbá, ta ni yóò pọ̀n mí lọ sílé?"

Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá gbọ́ ohùn ọ̀kẹ́rẹ́ lórí igi, ìwé ló ń kà. Bí Ìjàpá bá sì rí èèyàn, á fa orí wọnú igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹnu tó kó bá a ló ń fi pamọ́.

Ibi tí mo bá a dé rèé. Bí mo bá fi irọ́ lù ú, kí ẹnu mi má dún. Ẹ gbọ́ ọ: pó, pó, pó!