Òjò Àkọ́rọ̀ ní Etí Odò

Olúwa tó ni òjò rọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni ò retí rẹ̀. Òjò náà ká Ìyá Mọrẹ́nikẹ́ àti Bàbá Gbádébọ̀ mọ́ abẹ́ àtíbàbà ní etí odò, níbi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀rùn. Tòmátì tí kálukú wọn máa tú gbìn sóko ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù lórí ebè ni. Láti ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n sì ti fi amọ̀ dí ẹnu poro, kí omi tí wọ́n ń bù sí i má baà sá lọ.

Ìyá Mọrẹ́nikẹ́ mú ọkọ́. "Mo fẹ́ lọ la ẹnu poro mi."

"Nínú òjò yìí? Ẹ jókòó jàre, ẹ jẹ ẹ̀pà. Mo ti gbàdúrà sí i, kò ní ba nǹkan kan jẹ́."

"Àmín o, bàbá. Àmọ́ àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un."

"Tí òtútù bá mú yín, ẹ má pè mí o!"

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó jáde, ó la poro, omi sì wọ́ lọ sódò.

Nígbà tí òjò dá, tòmátì rẹ̀ dúró. Ti Bàbá Gbádébọ̀ ti bómi lọ, ebè ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Bàbá káwọ́ lérí.

"Àbí àdúrà mi ò dé ọ̀run ni?"

"Ó dé. Olúwa ní ká máa ṣọ́nà, ká sì máa gbàdúrà. Èyí tẹ́ ẹ lè ṣe lórí ìjókòó lẹ mú. Ẹ wá pín nínú tèmi, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ la poro yín ná, òkè ṣì ṣú."

Òjò tún ti ń kán. Bàbá gbé ọkọ́, ó lọ la poro rẹ̀, kò wẹ̀yìn.