Ebè Tí Kò Hù

Àgbẹ̀ kan wà tí gbogbo abúlé mọ̀ sí ẹni tí iṣu rẹ̀ kì í ṣòfò. Àṣírí rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ. Bó bá ti gbin èbù tí òjò sì ti rọ̀ sí i dáadáa, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kiri ebè. Níbi tí àwọn yòókù bá ti hù tí ọ̀kan ò hù, yóò kúnlẹ̀, yóò fi ìka wa ilẹ̀, yóò wo ohun tó ṣe èbù náà. Bó bá kọjú síbi tí kò yẹ, yóò yí i padà. Bó bá ti rà, yóò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Kì í fi í dọ̀la.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Ẹ̀rín ọmọ yìí ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ bó bá ń ti oko bọ̀, àárẹ̀ á sì tán lára rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́wàá, nọ́ọ̀sì kan wá sí ilé ẹ̀kọ́ wọn, ó ní kí àwọn ọmọ la ẹnu. Ó ń fi ìka tẹ èrìgì òkè, níbi tí eyín ṣóńṣó ti máa ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn eyín iwájú. Nígbà tó kan ọmọ yìí, ìka rẹ̀ dúró. Ó ránṣẹ́ pe bàbá.

"Ẹ wò ó, bàbá. Lápá ọ̀tún, ọwọ́ mi ba eyín tó ń bọ̀. Lápá òsì, mi ò bá nǹkan kan, eyín èwe rẹ̀ ò sì mì rárá. Ó lè jẹ́ pé eyín àgbà ti ṣìnà nínú egungun. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, kí wọ́n fi ẹ̀rọ ya fọ́tò inú egungun ẹnu rẹ̀. Bí wọ́n bá tètè yọ eyín èwe yẹn, èyí tó wà nínú lè rí ọ̀nà jáde."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ẹ fẹ́ yọ eyín tí kò mì? Eyín líle ni ti ìdílé wa. Ẹ jẹ́ kí n padà sóko jàre, ó ku ebè tí mi ò tíì yẹ̀ wò."

Ó sì padà sóko lóòótọ́. Ọgbọ́n ọkùnrin yìí pọ̀, àmọ́ oko ló fi í sílẹ̀ sí.

Ọdún mẹ́fà kọjá. Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà ń jẹ àgbàdo sísè, ó dáwọ́ dúró. "Bàbá, eyín iwájú mi ń mì."

Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá sáré mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, wọ́n sì ya fọ́tò inú egungun náà. Dókítà gbé fọ́tò náà síwájú iná, ó fi hàn án. Eyín ṣóńṣó náà dùbúlẹ̀ ní ìbú nínú egungun, ó sì ti jẹ gbòǹgbò eyín iwájú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tán. Wọ́n yọ eyín iwájú, wọ́n la èrìgì, wọ́n wa èyí tó sùn náà jáde. Ọmọ náà jẹ̀rora.

Láti ìgbà náà ló ti ń fọwọ́ bo ẹnu bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Nígbà tí òjò tún dé, ó bá bàbá rẹ̀ lọ sóko. Bàbá kúnlẹ̀ ti ebè kan, ó ń wa ilẹ̀. Ọmọ fi ọwọ́ kan na èbù tuntun sí i, ó fi èkejì bo ẹnu.

"Bàbá, báwo lẹ ṣe máa ń mọ̀ pé ọ̀kan ò hù?"

Ó fẹ́ sọ pé òun máa ń yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ó rí ọwọ́ tí ọmọ náà fi bo ẹnu. Ó tẹrí ba, ó ń da erùpẹ̀ padà sórí ebè láì tíì gbin nǹkan kan sí i, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, o ní oko tìrẹ, ì báà jẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ì báà jẹ́ ọ́fíìsì, o sì mọ ohun tí kò lọ déédéé níbẹ̀. Ọmọ rẹ tó ti pé ọdún mẹ́sàn-án ńkọ́? Ìgbà wo lo wo ẹnu rẹ̀ kẹ́yìn? Pè é lónìí. Bí eyín ṣóńṣó apá kan bá ti hù tí ti apá kejì ò hù, má wulẹ̀ sọ fún mi pé eyín líle ni ti ìdílé yín. Mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín nígbà tó ṣì ń rẹ́rìn-ín.