Ìdí Tí Ológbò Fi Ń Fi Ẹnu Gbé Ọmọ Rẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko ṣì jọ ń sọ èdè kan náà, ẹ̀yìn ni Ológbò máa ń gbé ọmọ rẹ̀ sí. Yóò dúró títí ojú wọn yóò fi là, tí ọwọ́ wọn yóò sì gbó. Lẹ́yìn náà yóò fi àyà lélẹ̀, wọn yóò gùn ún, wọn yóò di irun rẹ̀ mú. Ní ti ẹnu rẹ̀, eku ló fi ń pa.

Opó kan wà tó ń jẹ́ Àyìnkẹ́, òwú ló máa ń ran tà. Òun àti Ológbò ni wọ́n jọ ń gbé. Nígbà tí oyún Ológbò gbó, Àyìnkẹ́ tẹ́ àkísà sínú apẹ̀rẹ̀ kan ní igun yàrá.

Ó ní, "Ibí ni kí o bí wọn sí. Má lọ sínú igbó kankan."

"Ẹ ṣé, Ìyá," ni Ológbò wí.

Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìrọbí mú un. Àyìnkẹ́ pa òwú tì, ó jókòó tì í. Bí ọmọ kan ṣe ń jáde ni Ológbò ń fi eyín gé okùn ìwọ́ rẹ̀, tó ń lá a títí ara rẹ̀ fi gbẹ. Kò pariwo. Ọmọ mẹ́ta ló bí, ojú wọn dì pa, wọ́n ń fi imú wá ọmú kiri.

"Ta ló kọ́ ọ ní gbogbo èyí?" Àyìnkẹ́ bi í.

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Ìyá. Bí wọ́n ṣe ń jáde ni mò ń mọ̀ ọ́n."

Àyìnkẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìkòkò, ó lọ pọn omi tí yóò fi se ẹja fún abiyamọ.

Kò pẹ́ tó jáde ni ìjàlọ gba abẹ́ ògiri wọlé. Wọ́n ń ṣàn bọ̀ bí omi dúdú, wọ́n sì dorí kọ apẹ̀rẹ̀. Ohun tí kò bá lè sá, jíjẹ ni wọ́n ń jẹ ẹ́.

Ológbò fi àyà lélẹ̀ wàrà. "Ẹ gùn mí! Ẹ tètè!"

Àwọn ọmọ kò ríran, ọwọ́ wọn kò sì lè di nǹkan mú. Ó fi orí ti ọ̀kan sí ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó yọ̀ ṣubú. Ó tún un tì, ó tún ṣubú. Ìjàlọ ti ń gun etí apẹ̀rẹ̀.

Ológbò wo àwọn ọmọ náà. Eyín tó ń fọ́ orí eku ló wà lẹ́nu rẹ̀, ológbò kankan kò sì fi gbé ọmọ rí. Ó la ẹnu, ó rọra mú àkọ́bí ní awọ ẹ̀yìn ọrùn, ó sáré jáde.

Adìẹ tó wà lágbàlá figbe ta. "Ẹ gbà mí o! Ológbò ń pa ọmọ rẹ̀ jẹ!"

Àyìnkẹ́ tó ń bọ̀ láti odò gbọ́. Ó sọ omi kalẹ̀, ó fa igi kan yọ lára ọgbà. Nígbà tó rí ọmọ tó ń rọ̀ dirodiro lẹ́nu ìyá rẹ̀, ó na Ológbò lẹ́yìn.

"Tu ú sílẹ̀! Ìkà ẹ̀dá! Mo ní kí o tu ú sílẹ̀!"

Ológbò kò lè fọhùn. Bó bá sọ̀rọ̀, ọmọ yóò já bọ́ sórí òkúta. Igi tún bà á. Kò sá, kò la ẹnu, kò sì pa eyín dé. Ó ń lọ tààrà títí ó fi dé ìdí òwú tí Àyìnkẹ́ sá sórí ẹní, ó tẹ́ ọmọ sí i. Ìgbà náà ló tó sọ̀rọ̀.

"Ìyá, ìjàlọ wà nínú ilé. Méjì ṣì kù."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó ti padà wọlé.

Igi bọ́ lọ́wọ́ Àyìnkẹ́. Ó gbé ọmọ náà yẹ̀ wò, kò sí ojú eyín kankan lára rẹ̀. Ló bá bu eérú gbígbóná nínú ààrò, ó sáré tẹ̀ lé e. Nínú yàrá, ìjàlọ ti bo ẹsẹ̀ Ológbò. Kò lè fi ẹnu já wọn dànù, nítorí ọmọ wà lẹ́nu náà. Àyìnkẹ́ ń da eérú lé wọn títí ọmọ ìkẹyìn fi jáde.

Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí ẹní, ó ń ṣa ìjàlọ kúrò lẹ́sẹ̀ Ológbò, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo lù ọ́, o kò sì sọ ọ́ sílẹ̀," ló ń wí. "Dárí jì mí."

"Ẹ ò mọ̀ ni, Ìyá," Ológbò dáhùn, ó sì yíjú sí àwọn ọmọ tó ń mu ọmú.

Láti ọjọ́ náà ni awọ ẹ̀yìn ọrùn ọmọ ológbò ti rọ̀, tó fẹ̀, kí eyín ìyá rẹ̀ má baà dùn ún. Láti ọjọ́ náà ló ti máa ń ká ẹsẹ̀ jọ, tó ń dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ìyá rẹ̀ bá gbé e. Nítorí náà, bí ológbò bá bímọ nílé yín, tí ẹ rí i tó ń kó wọn láti abẹ́ ibùsùn lọ sẹ́yìn àpótí, ẹ yà fún un lọ́nà. Ẹ má bi í ní ibi tó ń lọ. Ẹnu rẹ̀ kò ṣófo.