Ìdajì Oògùn Kì í Gbé Inú Ìgò

Bí àlejò bá dé Ìdó-Àpáta, tó gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé "Ìdajì oògùn kì í gbé inú ìgò," á kọ́kọ́ rò pé ẹnìkan ló da oògùn nù. Òmíràn á ní bóyá ará ilé ló jí i lò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọsibítù ìlú náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀, ẹni tó sì kọ́kọ́ sọ ọ́ kò fi ẹ̀rín sọ ọ́.

Mátíróònù Ìbídàpọ̀ ló ń darí àwọn nọ́ọ̀sì nígbà náà. Obìnrin tó mọṣẹ́ ni, wọ́ọ̀dù rẹ̀ mọ́ tónítóní, oògùn aláìsàn kankan kì í sì í pẹ́. Àbùkù kan ṣoṣo tó ní ni pé kò fẹ́ rí nọ́ọ̀sì tó jókòó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pín oògùn tán láàárọ̀ ló máa ń yìn lójú gbogbo wọn. Èyí tó bá ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, ọ̀lẹ ni lójú rẹ̀. "Ọwọ́ la fi ń ṣiṣẹ́ níbí," ló máa ń wí, "a kì í fi ẹnu ṣe é." Àwọn nọ́ọ̀sì gbọ́, wọn kò sì bá aláìsàn sọ̀rọ̀ mọ́.

Wọ́n wá gba Bàbá Ọ̀jẹ̀wùmí, káfíńtà, sí wọ́ọ̀dù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bá a jà. Orí fífọ́ tó gbé e wá rọlẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Nọ́ọ̀sì Àrínọlá, tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, gbé ìgò oògùn lé e lọ́wọ́, ó sì jókòó ti òun àti ìyàwó rẹ̀ sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni. Bí ara yín bá wá yá..."

"Nọ́ọ̀sì Àrínọlá," Mátíróònù pè é láti ẹnu ọ̀nà, "ṣé àlọ́ lò ń pa ni?"

Àrínọlá dìde. Kò padà sídìí bẹ́ẹ̀dì náà mọ́.

Bàbá lo oògùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, orí kò fọ́ ọ mọ́. Ó wá rò ó bí ọ̀pọ̀ àgbà ṣe máa ń rò ó: oògùn kì í ṣe oúnjẹ, ta ní í lo oògùn nígbà tí ara le? Ó tọ́jú ìyókù sínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, pé ọjọ́ tí orí bá tún fọ́ òun ni òun yóò lò ó. Ní oṣù kejì, bó ṣe ń fági lọ́wọ́, irinṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Apá ọ̀tún kú, ẹnu wọ́.

Ìyàwó rẹ̀ gbé ìgò náà dání nígbà tí wọ́n gbé e padà wá. Mátíróònù wò ó, ó rí i pé oògùn ṣì kù dé ìdajì. Inú bí i.

"Màmá, kí ló dé tí Bàbá kò lo oògùn?"

"Ó lò ó títí ara fi yá, mà. A ò mọ̀ pé ẹni tí ara rẹ̀ ti yá tún ń lò ó."

"Ṣé kò sẹ́ni tó sọ fún yín ni?"

"Nọ́ọ̀sì kan jókòó tì wá. Ó ní, 'Bí ara yín bá wá yá.' Ibẹ̀ lẹ ti pè é." Obìnrin náà kò gbóhùn sókè rárá.

Ọ̀rọ̀ náà dun Mátíróònù wọ eegun. Ó pe gbogbo nọ́ọ̀sì jọ sídìí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ìgò náà sókè.

"Ìdajì oògùn kì í gbé inú ìgò," ó wí. "Ẹnu Àrínọlá ni ìdajì kejì wà, èmi ni mo sì pa á mọ́ ọn lẹ́nu." Lójú gbogbo wọn ló ti bẹ ọmọbìnrin náà pé kó má bínú.

Lọ́sẹ̀ náà, ó ní kí wọ́n gbé àpótí ìjókòó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan. Kò béèrè ẹni tó kọ́kọ́ pín oògùn tán mọ́. Ohun tó ń bi nọ́ọ̀sì láràárọ̀ ni pé, "Báwo ni aláìsàn rẹ ṣe tún àlàyé oògùn rẹ̀ sọ fún ọ?" Èyí tí kò bá rí èsì fọ̀ á padà lọ jókòó. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ jókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Ọ̀jẹ̀wùmí, ó sì ṣàlàyé títí ìyàwó fi lè tún gbogbo rẹ̀ sọ láìṣì.

Ó wù mí kí n sọ pé Bàbá ló kan àwọn àpótí náà. Ọwọ́ rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò. Ó pẹ́ láyé ṣá, ó sì ń lo oògùn rẹ̀ láràárọ̀, ara ìbáà le, ìbáà má le. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ará Ìdó-Àpáta bá rí ẹni tó gbé nǹkan léni lọ́wọ́ láìkọ́ni bí a ṣe ń lò ó, á ní: ìdajì oògùn kì í gbé inú ìgò.