Aṣọ Tí Oyèkànmí Kò Fi Rúbọ

Ohun tí ọwọ́ bá jù sílẹ̀ á lọ. Ohun tí ọwọ́ bá dì mú ni í dá ọwọ́ dúró. Ọ̀rọ̀ yìí ni odù Ọ̀bàrà sọ fún Oyèkànmí, ajubọ́ọ̀lù ará Òkèihò, ní ọjọ́ tí ó wá bi mí léèrè bóyá òun ṣì lè padà dé ibi tí òun ti ṣubú. Wọ́n ní kí ó rúbọ. Bí ó ṣe rú ẹbọ náà ni mo fẹ́ sọ, nítorí ọwọ́ tèmi náà kò mọ́ nínú rẹ̀.

Èmi ni Ọyábùnmi. Owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún ni mo ń dà láti ṣe àyẹ̀wò; ìyá mi dà á, ìyá tó bí i náà dà á. N kò mọ ohun kan nípa eré bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní bésíbọ́ọ̀lù yìí, igi ìdáná kan àti ọsàn kan ni Oyèkànmí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lórí ẹní. Ẹnì kan á dúró lórí òkìtì, á ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le bí òkúta. Ẹnì kejì á gbé igi dúró dè é láti gbá a. Ẹnì kẹta á lóṣòó sẹ́yìn onígi, á fi ìbọ̀wọ́ awọ hán èyí tí igi bá tàsé. Nínú ẹgbẹ́ wọn, tí ń jẹ́ Ẹgbẹ́ Àwòdì, Oyèkànmí ni í ju bọ́ọ̀lù, Ọ̀jẹ́wùmí ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ni í hán an.

Ní ìgbà kan, kò sí ajubọ́ọ̀lù tó tó Oyèkànmí ní gbogbo Òkè-Ògùn. Ṣùgbọ́n ìgbà kì í lọ bí òréré. Nígbà tí èjìká bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, tí àwọn onígi bẹ̀rẹ̀ sí í rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ gbá, ó ṣe ohun tí kò yẹ ọmọ àgbẹ̀. Ó se oje ọ̀pọ̀tọ́, irú àtè tí àwọn ọmọdé fi ń mú ẹyẹ, ó fi í pa inú ìṣẹ́po etí apá òsì aṣọ eré rẹ̀. Kí ó tó ju bọ́ọ̀lù, á fi ìka ọ̀tún fa etí apá aṣọ náà díẹ̀, bí ẹni tí ń tún aṣọ ara rẹ̀ ṣe. Bọ́ọ̀lù tó bá ti ìka àtè kúrò á máa yí lọ́nà tí igi kankan kò lè bá pàdé.

Oṣù mẹ́rin ni ó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀jẹ́wùmí ń fọwọ́ kan àtè náà lára bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́, ó mọ ohun tó jẹ́, ó sì panu mọ́. Ní ọjọ́ ìdíje ńlá ní Ìbàdàn, rẹfirí na bọ́ọ̀lù sókè kí gbogbo èrò lè rí i. Eṣinṣin kan ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń fi ìyẹ́ lu ara rẹ̀, kò lè fò. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n lé àwọn méjèèjì kúrò nínú eré fún ọdún méjì gbáko.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìlú kékeré mọ bí ẹ̀sín ṣe ń rìn níbẹ̀. Bí Oyèkànmí bá ń kọjá, àwọn ọmọdé á máa ké pé, "Àtè o! Ẹyẹ, ẹ sá o!" Ó wá di ẹni tí ń gé búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ìlú, níbi tí ojú kò ti pọ̀. Nígbà tí ọdún méjì náà ku oṣù kan, òun àti Ọ̀jẹ́wùmí gbọ́ pé àwọn kan ń bọ̀ láti Jàpáàn wá sí Ìbàdàn lẹ́yìn tí ó bá parí, wọ́n fẹ́ yan ẹni tí wọn yóò mú lọ gbá bọ́ọ̀lù yìí nílẹ̀ wọn. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni Oyèkànmí nígbà náà. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé bí èyí bá fò ó, kò sí òmíràn mọ́.

Òun àti Ọ̀jẹ́wùmí ni wọ́n jọ wá, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí mò ń sá ẹ̀gẹ́. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, mo ní kí wọ́n dìde. N kò níí pa á mọ́ pé mo fẹ́ràn Oyèkànmí. Ìyá rẹ̀ ló ń di irun mi fún nǹkan bí ogún ọdún, kí ó tó kú ní ọdún tó ṣáájú ẹ̀sín náà. Orí itan rẹ̀ ni mo ti máa ń gbọ́ gbogbo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nílùú.

Mo da ẹyọ sórí àtẹ. Mẹ́fà dojú sókè: odù Ọ̀bàrà ló jáde.

Mo ní, "Ohun tí ń bá yín jà kò jìnnà, lára yín ló wà. Ọ̀bàrà ní ọ̀nà yóò là fún yín, ṣùgbọ́n ẹ ó rúbọ. Ìgbín mẹ́rin, omi tútù, àti aṣọ ọrùn. Oyèkànmí, aṣọ tí o wọ̀ lọ́jọ́ ẹ̀sín ni kí o mú wá. Ọ̀jẹ́wùmí, ìbọ̀wọ́ tí o fi hán bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà. Ẹ ó fi wọ́n fún odò, ẹ ó sì fi ẹnu ara yín sọ ohun tí ẹ kò níí ṣe mọ́ láyé."

Ọ̀jẹ́wùmí wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo ló ní láyé, wọn kì í sì í tà á nítòsí. Síbẹ̀ ó ní, "Mo gbọ́, ìyá. Màá mú un wá."

Oyèkànmí fọwọ́ pa etí ẹní. Nígbà tó yá ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Ṣé aṣọ mìíràn kò lè dípò rẹ̀?"

"Kò lè dípò rẹ̀."

"Màámi ló fọwọ́ ara wọn rán orúkọ mi sẹ́yìn aṣọ yẹn. Kò sí nǹkan wọn mìíràn lọ́wọ́ mi."

"Mo mọ̀. Mo wà níjókòó nígbà tí wọ́n ń rán an. Ìyá rẹ kò sí nínú aṣọ náà, Oyè. Ohun tí ìwọ fi pa á ló wà níbẹ̀."

Ó tẹrí ba, ó ní òun ti gbọ́.

Ní ọjọ́ kẹta wọ́n padà wá. Ọ̀jẹ́wùmí gbé ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kalẹ̀, awọ rẹ̀ ti dúdú, ó ti tẹ̀ sí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe rí. Oyèkànmí gbé aṣọ tirẹ̀ kalẹ̀ ní kíká: aṣọ pupa, nọ́ńbà méje, orúkọ rẹ̀ ní òwú aró lẹ́yìn. Mo gbé e. Òórùn ṣọ́ọ̀bù ni mo gbọ́ lára rẹ̀. Aṣọ tí ènìyàn fi làágùn fún ọdún mélòó kan kì í rùn bẹ́ẹ̀. Mo wo òwú náà: ó gún gbọọrọ bí ojú irin. Ojú ìyá rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì nígbà tó ń rán tirẹ̀. Òwú obìnrin náà wọ́, lẹ́tà tó gbẹ̀yìn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé abíyá.

Mo bi í pé, "Oyè, èyí gan-an ni?"

"Òun ni, ìyá. Mo fọ̀ ọ́ ni."

Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo wo ojú rẹ̀, ojú ìyá rẹ̀ ni mo rí níbẹ̀, àánú ṣe mí, mo ní ó dáa. Ẹ fojú inú wò ó: èmi tí mo ti ń bá àwọn ẹlòmíràn wí nítorí ìgbín tó kéré! Mo sọ fún ara mi pé òrìṣà jẹ́ aláàánú, àti pé ọmọ aláìníyàá kò ṣeé jágbe mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di aṣọ irọ́ náà mọ́ ẹbọ òtítọ́.

Létí odò, Ọ̀jẹ́wùmí ju ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sómi, ó ní, "N kò níí rí ohun tó burú kí n tún panu mọ́." Ó sunkún díẹ̀, ó sì fi apá nu ojú. Oyèkànmí ju aṣọ tuntun náà sómi, ó ní, "N kò níí fi àtè ju bọ́ọ̀lù mọ́." Mo gbà pé tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń padà lọ sílé, ó rẹ́rìn-ín fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní, "Aṣọ laṣọ ń jẹ́. Odò kò kúkú mọ̀wé kà." Ọ̀jẹ́wùmí rò pé àwàdà ni, kò bi í ní ohun tó túmọ̀ sí. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bàjẹ́ tán ló tó sọ ọ́ fún mi.

Ohun tó kù yìí, ẹnu Ọ̀jẹ́wùmí ni mo ti gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ tí àwọn ará Jàpáàn fẹ́ yan èèyàn, oòrùn mú bí iná. Oyèkànmí wọ aṣọ àtijọ́, èyí tí ìyá rẹ̀ rán, ó ní kí ìyá òun lè bá òun débẹ̀. Ọ̀jẹ́wùmí rí i, ó wá mọ̀ pé aṣọ mìíràn ni ọ̀rẹ́ òun jù sódò; ṣùgbọ́n wọ́n ti pè wọ́n sójú pápá. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ó yé yín dájú: Oyèkànmí kò fi ohunkóhun pa ọwọ́ lọ́jọ́ náà. Ìsinmi ọdún méjì ti wo èjìká rẹ̀ sàn. Ó ń jù ú bí ìgbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún, onígi mẹ́wàá ló dúró níwájú rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ nìkan ni wọ́n ń gbá. Àwọn ará Jàpáàn tó jókòó ń kọ̀wé gbé bírò sílẹ̀, wọ́n dìde dúró. Ó wá ku onígi méjì péré.

Àṣà kì í tètè fi ènìyàn sílẹ̀. Kí ó tó ju bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, ìka ọ̀tún rẹ̀ á lọ fa etí apá òsì aṣọ rẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń ṣe é. Àtè tó ti sùn fún ọdún méjì nínú ìṣẹ́po aṣọ náà gba oòrùn, ó gba òógùn, ó rọ̀. Bọ́ọ̀lù kan wọ inú ìbọ̀wọ́ tí Ọ̀jẹ́wùmí yá. Nígbà tó fẹ́ yọ ọ́ jù padà, kò fẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó rìn lọ bá a lórí òkìtì. Ó rọra ní, "Oyè, kí ló wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Kò sí nǹkan kan. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Wo bọ́ọ̀lù."

Oyèkànmí wo bọ́ọ̀lù, ó wo ìka rẹ̀, ó wo etí aṣọ rẹ̀. Ọ̀jẹ́wùmí ní òun kò tíì rí ojú ènìyàn tó bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Ọ̀jẹ́, n kò mọ̀. O mọ̀ pé n kò mọ̀."

"Mo gbà ọ́ gbọ́. Jẹ́ ká sọ fún wọn. Bọ́ aṣọ náà, ká sọ bó ṣe jẹ́."

"Ta ni yóò gbà mí gbọ́, èmi Alátè? Ó ku ẹni méjì, Ọ̀jẹ́. Ẹni méjì péré! Nù ún dànù, má sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀ ọ́."

Ọ̀jẹ́wùmí dúró síbẹ̀. Ó ní òun ń rántí ohun tí òun sọ létí odò. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ sókè, ó pe rẹfirí.

Bí Oyèkànmí ti sọ ni ó rí: kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Rẹfirí fọwọ́ kan etí aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì lé Oyèkànmí kúrò nínú eré títí ayé. Ọ̀jẹ́wùmí bẹ̀bẹ̀ fún un, ó búra fún wọn pé àtè àtijọ́ ni. Wọ́n wulẹ̀ ń wò ó ni. Ọ̀kan nínú àwọn ará Jàpáàn béèrè orúkọ Ọ̀jẹ́wùmí, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlá, Oyèkànmí wá sílé mi, aṣọ náà wà nínú ọ̀rá dúdú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, òun rèé. Èyí gan-an ni."

Mo ní, "Mo mọ̀. Mo gbọ́ òórùn ṣọ́ọ̀bù lára ti àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn."

Ó ní, "Ẹ mọ̀, ìyá?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ẹ̀ bá gbá mi létí. Ẹ̀ bá lé mi padà sílé lọ mú un wá."

Àgbà tó mọ ọ̀nà odò tí kò darí ọmọ, tí ọmọ náà wá ṣìnà, kí ni yóò wí? Mo bẹ̀ ẹ́. Èmi tí mo tó ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ fún un, ó sáré gbé mi dìde. A jọ lọ sódò. Kí ó tó jù ú, ó fi àtàńpàkò tọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ rán, láti lẹ́tà kìn-ín-ní títí dé èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé abíyá. Omi gbé e lọ, a ń wo ohun pupa náà títí tí ó fi kọrí sí ìsàlẹ̀. Ẹbọ náà pé wàyí, ọjọ́ ló ti kọjá.

Ọ̀jẹ́wùmí rúbọ, ó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ, ọ̀nà sì là fún un. Ní ọdún tó tẹ̀lé e ó wọ bàálù lọ sí Jàpáàn, ó ti kọ́lé, ó ti bímọ. Ó ní ọdọọdún, bí ọjọ́ tí òun pe rẹfirí yẹn bá pé, òun a máa pe Oyèkànmí lórí fóònù, kì í gbé e. Oyèkànmí fi ojú yẹpẹrẹ wo ẹbọ, ó fi aṣọ dípò aṣọ, ó sì ń gé búlọ́ọ̀kù títí di òní. Nígbà mìíràn, bí kò bá sí ènìyàn nítòsí, á ṣa òkúta kan, á jù ú mọ́ igi òdìkejì. Wọ́n ní kì í tàsé.

Ní tèmi, aṣọ tí wọ́n bá gbé wá fún ẹbọ nísinsìnyí, lójú ẹni tó gbé e wá ni mo ti ń gbé e símú, mo sì ń sọ ohun tí mo bá gbọ́. Wọ́n ń bínú, wọ́n ń padà lọ sílé lọ mú èyí tó jẹ́ òtítọ́ wá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ Oyèkànmí.