Ìbídùnní Sá Lọ Bá Ìbọn

Sájẹ́ńtì Láníyọnu tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ òfin eré ogun tí wọ́n ń ṣe lórí tábìlì, kò sì sẹ́ni tó borí rẹ̀ rí. Ó mú kí sójà rẹ̀ na ìbọn tó ń yin àdó olóró sí sójà kan ṣoṣo tó kù fún Ìbídùnní aránṣọ, èyí tí kò ní ju ọ̀bẹ lọ, ó ní, "Ogójì ìṣísẹ̀ ló kù kó o tó dé ọ̀dọ̀ mi. Juwọ́ sílẹ̀!" Ìbídùnní ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé àdó yín ò lè pa ẹ̀yin tẹ́ ẹ yìn ín?" Sájẹ́ńtì rẹ́rìn-ín. "Kì í bú àfi tó bá fò tó ọgbọ̀n ìṣísẹ̀. Èmi ni mo kọ òfin náà!" Ìbídùnní bá ti sójà rẹ̀ síwájú ní ogún ìṣísẹ̀. "Orí ẹ ti dàrú!" ni àwọn òǹwòran ń wí. Sájẹ́ńtì yìnbọn, àdó gba sójà náà láyà bí òkò, ó já bọ́, kò bú. "Ojóró!" ni Sájẹ́ńtì ké. Ìbídùnní rọra ṣí ìwé òfin síwájú rẹ̀, síbi tí òfin ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ wà. Sájẹ́ńtì kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wo ọlọ́bẹ tó ń bọ̀, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sókè.