Egbò Ládòkun Adẹ́mu

Nọ́ọ̀sì wo egbò ẹsẹ̀ Ládòkun adẹ́mu, ó ní kíróníìkì ni. Bàbá rò pé kò ní jinná mọ́ nìyẹn. Ó délé, ó ju igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ sẹ́yìnkùlé.

Mọ́rẹ́nikẹ́ ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ tíṣà, lọ gbé igbà náà wọlé. "Bàbá mi, ohun tó ti pẹ́ lára lòyìnbó ń pè bẹ́ẹ̀. Wọn ò sọ pé kò ní lọ. Tótó ó ṣe bí òwe, bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ fọ egbò lójoojúmọ́. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, àwọn aládùúgbò bi í pé, "Kò tíì sú yín?"

"Egbò yìí kíróníìkì, èmi náà kíróníìkì. Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó máa kọ́kọ́ rẹ̀."

Nígbà tí wọ́n tún bi í lóṣù kẹwàá, orí ọ̀pẹ ló ti dá wọn lóhùn.